Àpèrè Sakassou àti Àwọn Tó Gùn Ún

Sakassou kò jìnnà sí Bouaké ní Côte d'Ivoire. Bí ogójì kìlómítà ni, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ ni ààfin ọba àwọn Baoulé wà. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Bouaké, tí ọmọ Èjìgbò pọ̀ nínú wọn, mọ̀ pé Nanan ni wọ́n ń pe ọba àti ìjòyè níbẹ̀.

Obìnrin ló dá oyè náà sílẹ̀. Nígbà tí Osei Tutu, ọba Asante, wàjà ní nǹkan bí ọdún 1717, ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi, Opoku Ware ló sì borí. Abla Pokou, ìbátan ọba tó wàjà, kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó forí lé ìwọ̀-oòrùn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Baoulé sọ pé odò Comoé kún nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọ̀tá sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Odò ní ọmọ lòun fẹ́. Pokou fi ọmọ tirẹ̀ lélẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Mọ́remí àti Olúorogbo mọ bí ẹbọ yẹn ṣe wúwo tó.

Lẹ́yìn Pokou, obìnrin ló tún gorí àpèrè: Akoua Boni, ìbátan rẹ̀, ẹni tó kó ogun jáde láti fẹ ilẹ̀ wọn.

Nílé wa, ìdílé baba la ń wò kí àwọn afọbajẹ tó yan ọba. Ti Baoulé yàtọ̀: ìdílé ìyá ni wọ́n ń wò jù. Ọmọ tí arábìnrin ọba bí sábà máa ń ṣáájú ọmọ bíbí inú ọba fúnra rẹ̀. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Bí ilé ṣe tò nìyẹn.

Bia ni wọ́n ń pe àga oyè. Odindi igi kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ìjókòó rẹ̀ sì ká sókè lọ́tùn-ún lósì. Pẹ̀lú ìṣúra wúrà ìdílé, tí wọ́n ń pè ní adja, òun ni ogún tó ga jù lọ. Àwọn Asante tó jẹ́ ìbátan wọn jà nítorí irú àga bẹ́ẹ̀: lọ́dún 1900, nígbà tí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì Hodgson ní kí wọ́n gbé Àga Wúrà wá kí òun jókòó lé e, Yaa Asantewaa ṣáájú ogun.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Scotland. Òkúta tí wọ́n fi ń jẹ ọba níbẹ̀ ni Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1296. Ọdún 1996 ló tó padà.

Ká padà sí Côte d'Ivoire. Àwọn Faransé, tí gómìnà wọn Angoulvant fi ogun tẹ Baoulé lórí ba, fi olóyè tiwọn jẹ láàárín wọn. Lọ́dún 2014 ni òfin Côte d'Ivoire tó wá fún àwọn ọba àti olóyè ní ipò lábẹ́ ìjọba, wọ́n sì fi ìgbìmọ̀ wọn sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ́dún 2016. Síbẹ̀, àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni àpèrè ti da Sakassou láàmú láìpẹ́ yìí.

Ẹ̀yin òbí tó ń tọ́ ọmọ ní Bouaké, ẹ mú wọn dé Sakassou, kí wọ́n gbọ́ ìtàn ìyá àwọn onílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀.