Ṣé ìlú lọmọ yín fẹ́ fẹ́ ni, àbí èèyàn?

Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tó ní àfẹ́sọ́nà n'Ìjẹ̀bú-Òde léèrè, wọ́n á ròyìn fún yín. Ọmọbìnrin ará ibòmíì tó bá délé tó ní ọmọ Ìjẹ̀bú lòun fẹ́ fẹ́, kí wọ́n tó béèrè orúkọ bọ̀bọ́ náà, ẹnì kan á ti fò dìde: "Ìjẹ̀bú kẹ̀? Àwọn ahun yẹn? Àwọn olóògùn yẹn?" Kí bọ̀bọ́ náà sì lọ sọ nílé tiẹ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà lòun rí, wọ́n á ní ṣé ọmọ òṣómàáló ló fẹ́ kó wọlé. Tó bá wá jẹ́ ọmọ Íbò, ọ̀rọ̀ ti dìpàdé ẹbí nìyẹn.

Wàhálà yìí làwọn onífíìmù fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ rántí The Wedding Party tí Kẹ́mi Adétìbá darí lọ́dún 2016. Ọmọ Yorùbá ń fẹ́ ọmọ Íbò, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé tó jẹ́ ìyá ìyàwó ń jó kiri, Ireti Doyle tó jẹ́ ìyá ọkọ ń yínmú. A rẹ́rìn-ín torí pé a mọ̀ wọ́n. Kò sí òde ìyàwó téèyàn lọ tí kò ní bá irú wọn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 2021, Netflix gbé Namaste Wahala jáde. Hamisha Daryani Ahuja, ọmọ Íńdíà tó dàgbà sí Nàìjíríà, ló darí ẹ̀. Didi, lọ́yà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, pàdé Raj, ọmọ Íńdíà, létíkun l'Ékòó, ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́. Bàbá ọmọbìnrin ò gbà, ìyá ọmọkùnrin náà ò gbà. Richard Mofe-Damijo tó ṣe bàbá ọkọ nínú fíìmù àkọ́kọ́ ló tún ṣe bàbá ìyàwó nínú èyí.

Àmọ́ ká sọ tòótọ́, èyí tó wọ̀ mí lára jù kì í ṣe tiwa. Bommarillu ni, fíìmù ìfẹ́ àti ẹ̀rín tí wọ́n ṣe lédè Telugu lọ́dún 2006. Àwọn tó ń sọ Telugu ló ni RRR, èyí tí orin rẹ̀, Naatu Naatu, gba ẹ̀bùn Oscar lọ́dún 2023. Nínú Bommarillu, bàbá kan fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ débi pé òun ló ń yan gbogbo nǹkan fún un, títí kan ìyàwó. Ọmọ ti rí Hasini tiẹ̀. Kí ló ṣe? Ó mú ọmọbìnrin náà wá gbé nílé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn ará ilé lè mọ̀ ọ́n fúnra wọn. Ọ̀sẹ̀ náà ò rọrùn rárá, ṣùgbọ́n èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ṣàṣìṣe, ni wọ́n rí.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láyé àtijọ́, àwa náà ní alárinà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wádìí: ṣé wèrè wà nínú ẹbí wọn, ṣé wárápá, ṣé ẹ̀tẹ̀, báwo ni ìwà ọmọ náà ṣe rí? Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí táwọn méjèèjì á fi mojú ara wọn, alárinà á wá yẹ̀ bá. Lónìí, Instagram lalárinà. Ẹ ti fẹ́ra yín fún ọdún mẹ́ta kí màmá tó gbọ́, ọjọ́ tí wọ́n sì gbọ́ náà lẹ ń bèèrè iye aṣọ ẹbí. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹni náà àyàfi orúkọ ìlú ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi jà bí kò ṣe orúkọ ìlú?

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ wádìí o. Ẹ béèrè jínótáìpù, torí AS àti AS kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ béèrè bóyá ọwọ́ ọmọkùnrin náà máa ń yá sí lílu obìnrin, bóyá gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn. "Ìjẹ̀bú ò ń náwó" kì í ṣe ìwádìí. Ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́, kó wá sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kó wá wo bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣe ń wọṣọ tí wọ́n ń yan níwájú ààfin Awùjalẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ káàdì. Ẹ mú ẹni yín wálé nísinsìnyí tí kò tíì sí ọ̀rọ̀ owó orí nílẹ̀. Kó bá màmá lọ sọ́jà, kó jókòó ti bàbá nígbà tí wọ́n bá ń wo bọ́ọ̀lù, kó jẹ ìkọ́kọrẹ́ kó sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Bí wọ́n bá ṣì sọ pé àwọn ò fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó kúkú mọ̀ pé òun gan-an ni wọn ò fẹ́. Ẹ wá lè jókòó sọ ọ́.