Físíótẹ́rápì ní Nàìjíríà

Físíótẹ́rápì jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera tí ó ń lo ìdárayá, ìfọwọ́tọ́jú, ooru, yìnyín àti iná mànàmáná láti dá agbára padà fún ẹ̀yà ara tí àìsàn, ìjàǹbá tàbí ọjọ́ ogbó ti sọ di aláìlera. Ète rẹ̀ ni kí aláìsàn lè dìde, kí ó rìn, kí ó wọṣọ fúnra rẹ̀, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìtàn

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó mú iṣẹ́ yìí wọ Nàìjíríà. Ní nǹkan bí ọdún 1945, àwọn onífísíótẹ́rápì méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn eegun tí ó wà ní Ìgbóbì, ní Èkó. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà díẹ̀ láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1959 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn onífísíótẹ́rápì sílẹ̀. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú rẹ̀.

Iṣẹ́

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni ìtọ́jú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ mọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìhà kan lè rọ. Bí a bá fi aláìsàn náà sílẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, oríkèé rẹ̀ yóò gan, ẹran ara rẹ̀ yóò joro, egbò yóò sì yọ sí ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni onífísíótẹ́rápì ṣe ń tètè bẹ̀rẹ̀: yóò gbé e jókòó, yóò kọ́ ọ ní ìdúró, lẹ́yìn náà ìrìn. Ìṣe kan náà ni wọn yóò máa tún ṣe lemọ́lemọ́, kí ọpọlọ lè tún un kọ́. Ó tún ń kìlọ̀ fún ẹbí pé kí wọ́n má ṣe fi apá tí ó rọ fa aláìsàn dìde, nítorí pé iṣan tí ó di èjìká mú ti dẹ̀, eegun sì lè yẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wíwọ́ ara lásán ni iṣẹ́ yìí. Wíwọ́ ara kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn tí ń dunni lè jẹ́ ti iṣan tí ó fà. Ó sì lè jẹ́ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó wọ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ohun tí ó wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́, nítorí náà àyẹ̀wò ni ó máa ń ṣáájú.

Ẹ̀kọ́

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ oyè náà. Àwọn yunifásítì kan ti sọ ọ́ di mẹ́fà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nípa eegun, iṣan, ọpọlọ, ìṣiṣẹ́ ara àti àrùn, ó sì ń tọ́jú aláìsàn lábẹ́ ojú olùkọ́. Lẹ́yìn oyè, yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ìdánrawò ní ilé ìwòsàn. Ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀ ni ó ń fún un ní ìwé àṣẹ.

Ìṣòro

Ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn wà, àwọn mìíràn sì ti lọ sí òkè òkun. Fún aláìsàn tí ó jìnnà sí wọn, ìdárayá tí a ti kọ́ òun àti ẹbí rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìwòsàn ni ó sábà máa ń jẹ́ ìtọ́jú tí ó kù.