Rìsísítọ̀ kékeré tó lè ba ẹ́ńjìnnì Porsche jẹ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra mọ́tò eléré ìje bíi Porsche Boxster tàbí 911 ní tòkunbọ̀ ni kò mọ̀ pé èròjà kan wà níwájú ẹ̀ téèyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò mọ́lẹ̀, àmọ́ tó lè kó wọn sí gbèsè ẹ́ńjìnnì. Rìsísítọ̀ fáànù rẹ́díétọ̀ ni.

Boxster tí ilé-iṣẹ́ Porsche ilẹ̀ Jámánì gbé jáde lọ́dún 1996, àti 911 tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1997, ẹ̀yìn àga awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wọn wà. Iwájú ni rẹ́díétọ̀ wọn wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kálukú pẹ̀lú fáànù tiẹ̀.

Oríṣi eré méjì ni fáànù yìí ń sá. Bó bá fẹ́ rọra yí, inú rìsísítọ̀ ni iná ń gbà kọjá, òun ló ń dín agbára iná kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná gan-an, iná á yà á sílẹ̀, á gba ọ̀nà tààrà lọ bá fáànù. Ìdí nìyẹn tí fáànù kì í fi í kú tán bí rìsísítọ̀ bá jó. Eré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ló máa ń sọnù, ohun tó sì ń tan onímọ́tò jẹ nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá ń sáré lójú títì, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí rẹ́díétọ̀, ẹ kò ní fura. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ti máa mọ̀. A/C ò ní tutù dáadáa, gééjì á máa gòkè, kí fáànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sókè lójijì. Ooru àlékún yìí ló ń mú kí ike táńkì omi tètè gbó. Bí omi bá jò tán, ẹ́ńjìnnì ló kàn.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tan mọ́tò nígbà tó ṣì tutù, kẹ́ ẹ tẹ A/C. Fáànù méjèèjì ló yẹ kó rọra máa yí. Bí ọ̀kan ò bá yí àfìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, rìsísítọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá yí rárá, ẹ yẹ fíúsì, riléè àti fáànù fúnra ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí wọ́n sì yọ orí bátìrì, torí fáànù lè ṣàdédé yí, kó gé èèyàn lọ́wọ́. Jáàkì nìkan ò tó gbé mọ́tò dúró, ẹ fi irin tì í. Wọ́n á tú bọ́ńpà iwájú àti ike tó bo inú ibi táyà. Ara ilé fáànù ni rìsísítọ̀ wà. Kí riwáyà fi mítà wò ó. Bí iná ò bá kọjá, ó ti jó.

Agbára tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, ì báà jẹ́ ohms, ì báà jẹ́ watts. Kí wọ́n fi léèdì jó ojú wáyà pọ̀, kí wọ́n wé e kí omi má ráyè wọlé. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà ni kí wọ́n dè é mọ́, kó má kan ike, torí ó máa ń gbóná. Kí wọ́n kó ewé àti ìdọ̀tí iwájú rẹ́díétọ̀ kúrò, kí wọ́n sì tún tẹ A/C wò kí wọ́n tó dá bọ́ńpà padà.

Àwọn mẹkáníìkì kan á ní ká so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbà. Gbogbo ìgbà ni fáànù á máa fi gbogbo agbára yí, kò sì ní pẹ́ tó fi máa jó. Bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra odindi fáànù nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ ṣì dáa. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí ọjà Ládípọ̀, ní Mushin, ẹ mú èyí tó jó dání, kẹ́ ẹ fi wé tuntun kẹ́ ẹ tó sanwó.