Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Olú-Ìlú Rẹ̀

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, má jẹ́ kí orúkọ tàn ọ́ jẹ. Mo ti rí ọmọ tí ó mọ̀wé dáadáa tí ó kọ ọ́ pé ìlú Oǹdó ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Rárá o! Àkúrẹ́, ìlú Déjì, ni. Oǹdó ni ìlú Ọṣemàwé.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976 ni a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Èkìtì sì yà kúrò lára rẹ̀ ní 1996. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ni ó wà níbẹ̀.

Àwọ̀ ewé inú àsíá Nàìjíríà dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀: bí o bá ń ṣàlàyé rẹ̀, fi kòkó Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Funfun dúró fún àlàáfíà.

Yẹ iṣẹ́ rẹ wò kí o tó fi sílẹ̀. Máàkì tí ó bá ti bọ́, ó bọ́ náà nìyẹn.