Ẹ ṣírò ojú ẹ̀rọ kí ẹ tó ra ọpọlọ rẹ̀

Ẹni tó bá dìbò lọ́dún 2023, ì báà jẹ́ ní Àwà, Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè, yóò rántí ẹ̀rọ BVAS tí àwọn òṣìṣẹ́ INEC gbé dání, tí wọ́n ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀. Kò yani lẹ́nu bí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ tòun náà ní ojú tí wọ́n ń tẹ̀. Ọpọlọ tí yóò rà sí i ni ìṣòro, nítorí owó tó bá ti bá èyí tí kò yẹ lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin dípò àgbébọ̀ adìẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ 21 tí ẹyin fi ń di ọmọ. Olóko fẹ́ rí ooru náà lójú ẹ̀rọ, kó sì lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti tún un ṣe. Èyí kò nílò odidi kọ̀ǹpútà. Màíkírókọ̀ntírólà ti tó, ìyẹn ọpọlọ kékeré tó ń ṣe kìkì iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ sí i lára.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè èyí tó yára jù. N kò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ojú tí ẹ fẹ́ lò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó wọ́pọ̀ ní àmì ìmọ́lẹ̀ 320 lápá kan, 240 lápá kejì. Báìtì 2 ni àwọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan ń gbà, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ báìtì 153,600 fún àwòrán kan ṣoṣo. Báìtì 2,048 péré ni mẹ́mọ̀rí tí Arduino Uno R3 fi ń ṣiṣẹ́. Ìlọ́po 75 nìyẹn! Ta ni yóò da omi àgbá sínú ìgò?

Síbẹ̀, ẹlòmíràn yóò ní òun ti rí i tí Uno ń gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Ojú tó bá ń lo ILI9341 ní mẹ́mọ̀rí tirẹ̀ tó ń di àwòrán mú, ohun tó bá yí padà nìkan ni Uno ń fi ránṣẹ́ sí i. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ooru ni, kò burú. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ń rìn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì máa wò ó bí ẹni tó ń jí ọ̀lẹ. Lẹ́yìn èyí, fólítì 5 ni Uno ń lò, 3.3 sì ni ti ILI9341. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ láìsí ohun tó ń dín iná kù láàárín wọn, ojú náà lè bàjẹ́.

ESP32 ni èmi yóò mú fún iṣẹ́ yìí. Mẹ́mọ̀rí rẹ̀ jẹ́ kílóbáìtì 520, bí kò tilẹ̀ jẹ́ gbogbo rẹ̀ lèèyàn lè lò, fólítì 3.3 lòun náà sì ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ ojú ńlá, 800 sí 480, ti kúrò níbẹ̀ yẹn o. Báìtì 768,000 ló ń bèèrè yẹn. Kí ojú náà sì jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, kì í ṣe bíi ti fóònù tó ń fẹ́ awọ ara, nítorí ọwọ́ olóko kì í sábà gbẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ lọ́jọ́ kejìlá, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ka ọjọ́ náà sí ọjọ́ kìn-ín-ní nígbà tí iná bá dé. Ó ní láti kọ ọjọ́ síbi tí kì í gbàgbé, ibẹ̀ sì ní iye ìgbà tí wọ́n lè kọ nǹkan sí i kó tó ṣá. Ti Uno jẹ́ 100,000, ti ESP32 náà ní ààlà. Bí ẹ bá ní kí Uno máa kọ ọ́ sójú kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò lo iye yẹn tán láàárín wákàtí 28. Ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan ti tó. Ìgbà 504 péré ni títí ọmọ adìẹ yóò fi jáde.