Àáró Lórí Irin: Bí Ọkọ̀ Kan Ṣe Ń Gba Ojú Irin Iléeṣẹ́ Púpọ̀ Kọjá ní Tokyo

Ojú irin tuntun tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Sotetsu àti Tokyu ṣí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023 kò gùn ju nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ, ṣùgbọ́n ó so iléeṣẹ́ 7 àti ipa ọ̀nà 14 pọ̀, láti Kanagawa gba inú Tokyo dé Saitama. Ìròyìn ọjọ́ náà dá lórí bí èrò ṣe máa tètè dé Shin-Yokohama, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Shinkansen tó ń sáré bí àṣá. Ohun tó jinlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni bí ọkọ̀ iléeṣẹ́ kan ṣe ń rìn lórí irin iléeṣẹ́ mìíràn lójoojúmọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ti dà pọ̀ di ọ̀kan, tàbí pé ìjọba Jàpáànù ló ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kálukú ló ń ṣàkóso irin tirẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀, òṣìṣẹ́ tirẹ̀ àti àpò tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé ibùdó tó jẹ́ ààlà, awakọ̀ iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ a sọ̀ kalẹ̀, ti iléeṣẹ́ kejì a bọ́ sípò rẹ̀, ọkọ̀ a sì máa lọ. Èrò tó jókòó sínú rẹ̀ kì í dìde. Shin-Yokohama ni Sotetsu àti Tokyu ti ń fa ọkọ̀ lé ara wọn lọ́wọ́.

Ìnira ló bí ètò yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó la irin láti ìgbèríko wá sí Tokyo ló ń parí ọ̀nà wọn sí etí Yamanote, irin tó yí àárín ìlú ká, ní Shibuya, Shinjuku àti Ikebukuro. Níbẹ̀ ni èrò ti ń bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń rọ́ wọ ọkọ̀ mìíràn. Bí ìlú ṣe ń kún sí i lẹ́yìn ogun, àwọn ibùdó náà kò gbà wọ́n mọ́. Ìpinnu wá wáyé pé kí irin abẹ́ ilẹ̀ tuntun so mọ́ irin ìgbèríko ní tààrà. Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1960 ni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, láàárín irin Keisei àti irin abẹ́ ilẹ̀ ìjọba ìlú Tokyo tó ń jẹ́ Asakusa lónìí. Irin abẹ́ ilẹ̀ Hibiya àti irin iléeṣẹ́ Tobu tẹ̀ lé e ní ọdún 1962. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, irin Toyoko ti Tokyu fi ibùdó òkè ilẹ̀ rẹ̀ ní Shibuya sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ bá irin abẹ́ ilẹ̀ Fukutoshin, iléeṣẹ́ 5 sì di alábàárìn. Oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni ọkọ̀ Sotetsu ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò wọ àárín Tokyo, lórí irin iléeṣẹ́ JR.

Kí irin méjì tó lè gba ọkọ̀ kan, nǹkan púpọ̀ ní láti bára mu: ìbú ojú irin, agbára iná, fífẹ̀ ọkọ̀, ipò ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ tó ń dá ọkọ̀ dúró bí awakọ̀ bá ṣàṣìṣe. Ní ọdún 1959, Keisei tún gbogbo irin rẹ̀ tẹ́ láti mìlímítà 1,372 sí 1,435 nítorí ètò yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú irin yòókù jẹ́ 1,067, ìwọ̀n kan náà tí wọ́n fi la irin àtijọ́ láti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn. Irin abẹ́ ilẹ̀ Ginza àti Marunouchi jẹ́ 1,435, wọ́n sì ń gba iná láti ara irin kẹta tó wà nílẹ̀, kì í ṣe láti ara wáyà òkè. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi so mọ́ irin ìgbèríko kankan.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ló gba làákàyè jù. Bí ọkọ̀ Tokyu bá wọ irin Tokyo Metro, iléeṣẹ́ irin abẹ́ ilẹ̀, owó tí èrò san fún ìrìn orí irin Metro, Metro ló ni ín. A jẹ́ pé Metro ń fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ pawó, ó sì ti jẹ gbèsè. Àáró ni wọ́n fi ń san án, bí ìgbà tí àgbẹ̀ kan bá ro oko ẹnìkejì lónìí tí ẹnìkejì sì wá ro tirẹ̀ lọ́la. Iye kóòṣì àti iye kìlómítà ni wọ́n ń kà. Bí ọkọ̀ oníkóòṣì 10 bá rin kìlómítà 20 lórí irin ẹlòmíràn, ìṣirò rẹ̀ di 200. Iye kan náà ni ọkọ̀ ẹni tó ni irin náà gbọ́dọ̀ lọ rìn padà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù díẹ̀ ni wọ́n ń fi owó dí.

Nítorí náà, ẹni tó ń ṣètò àkókò ọkọ̀ kò lè wo èrò nìkan. Ó gbọ́dọ̀ wo gbèsè pẹ̀lú. Ó lè yan ọkọ̀ iléeṣẹ́ kan kó máa lọ kó máa bọ̀ lórí irin ẹlòmíràn fún wákàtí púpọ̀, láìdé ilé. Gbèsè ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń san.

Èrò náà ní ìnáwó tirẹ̀. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní owó ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá gba irin iléeṣẹ́ 3 kọjá yóò san owó ìbẹ̀rẹ̀ 3, bí kò tilẹ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, àyàfi níbi tí ẹ̀dínwó bá wà. Káàdì Suica tó dé ní ọdún 2001 àti Pasmo ti ọdún 2007 mú sísan rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di ẹyọ owó kan.

Ìdádúró ni aburú tó tóbi jù. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí irin ní Saitama, èrò ní Yokohama lè pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà bẹ́ẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ máa ń já ìsopọ̀ náà, kí kálukú yí ọkọ̀ rẹ̀ padà ní ààlà. Bí okùn ìsopọ̀ náà bá ṣe ń gùn sí i ni ewu yìí ń pọ̀ sí i. Ó sì nira láti fi ìṣẹ́jú tí èrò ń jèrè wé ìṣẹ́jú tí ìdádúró ń gbà lọ. Ó jọ pé àwọn tó ń gbé ní ìgbèríko jíjìn ló ń jèrè jù, nígbà tí ẹni tó ń pààrọ̀ ọkọ̀ ní Shibuya ní láti gòkè láti ìpele 5 lábẹ́ ilẹ̀ kó tó dé Yamanote. Síbẹ̀, fún ìlú tí ilẹ̀ ti há, tí irin tuntun sì ń náni lówó gọbọi, fífi irin tó ti wà nílẹ̀ ṣe àjọlò dà bí ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu jù, níwọ̀n ìgbà tí ìṣirò láàárín wọn bá ṣì ń pé.