Ta Ló Ń Sọ Ọmọ Di Akọ?

Ìròyìn kan tó dé bá wa láti ilé ló mú wa kọ èyí. Bọ̀dá ọ̀kan nínú wa fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì, nítorí pé ọmọbìnrin mẹ́rin ni ìyàwó wọn bí. Àwọn ẹbí ní obìnrin náà kò mọ ọkùnrin bí. Bẹ́ẹ̀ bí ẹjọ́ bá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ bọ̀dá wa ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Krómósómù 46 ló wà nínú ara èèyàn, àwọn ló ń gbé àbùdá ìran. Obìnrin ní X méjì. Ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Nítorí náà, X nìkan ni ẹyin ìyá lè gbé. Àtọ̀ bàbá ló ń gbé X tàbí Y, bàbá pàápàá kò sì lè yàn án. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Nettie Stevens, ló rí èyí lára kòkòrò ní 1905.

Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà oyún, akọ àti abo kò tíì yàtọ̀. Ohun kan náà tó lè di kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin ni àwọn méjèèjì ní. Jíìnì kan lórí Y, SRY, ló ń jí èkejì rẹ̀, SOX9, kórópọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ti rí SRY ní 1990. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi irú rẹ̀ sínú ẹyin eku tó ní X méjì, eku náà sì di akọ! Ó ń gun abo, ṣùgbọ́n kò lè bímọ.

Ìbejì ni X àti Y nígbà kan. Ó ti lé ní 150 mílíọ̀nù ọdún tí wọ́n ti yà, Y sì ń sọ ẹrù rẹ̀ nù: X ní jíìnì tó lé ní 800, ti Y kò ju nǹkan bí 100 lọ. Ní erékùṣù Amami ní Japan, eku ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí Y rẹ̀ ti run pátápátá, tòun ti SRY. Síbẹ̀ akọ ń bẹ láàárín wọn. Ní 2022 ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀: lára akọ, apá kékeré kan lẹ́bàá SOX9 ti di méjì, ó sì ń jí SOX9 láìsí SRY.

A ti kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí bọ̀dá wa, a tilẹ̀ ya X àti Y sí i. Wọn kò tíì fèsì. Ìyàwó wọn ló fèsì: wọ́n ní ká fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ àwọn.